Penaia, Àbúrò Rẹ̀, àti Èmi Alárinà

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Penaia jẹ́, ẹ wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé mi ní ìdájí, kí ẹ wò ó bó ṣe ń nu ọkọ̀. Ọkọ̀ funfun kékeré kan ni, wọ́n ti lò ó gbó ní Japan kí wọ́n tó gbé e wá fún wa ní Fiji níbí. Penaia á nu dígí, á nu iná, á nu nọ́ńbà, á tún fi èékánná ha ẹ̀fọn tó kú mọ́ gíláàsì kúrò. Bẹ́ẹ̀, kí a tó sọdá afárá Nausori, ẹrẹ̀ á ti bo gbogbo ẹ̀ padà. "Tavale," màá ní, "ṣé ìyàwó là ń lọ gbé ni?" Á ká aṣọ ìnukọ̀ ẹ̀ sí mẹ́rin, á fi í sábẹ́ àga, á di ìdarí ọkọ̀ mú, á wá bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Àdúrà yẹn gùn! Gbogbo táyà ló ń dárúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èmi ni Waisake. Aránṣọ ni mí ní ìgboro Suva, aṣọ ilé-ìwé ni mo sì ń rán jù. Laisani, àbúrò Penaia, ni mo fẹ́, ìyẹn ló sọ èmi àti Penaia di tavale ara wa. Mo gbọ́ pé àwọn kan wà láyé tó jẹ́ pé tí wọ́n bá rí ẹ̀gbọ́n ìyàwó wọn, ńṣe ni wọ́n á dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n kú iṣẹ́ o. Ní tiwa, ẹni tó bá jẹ́ tavale ẹni, èébú ló kàn. Mo lè pe Penaia ní olórí ọ̀dùnkún lójú gbogbo ìjọ, mo lè wọ bàtà ẹ̀ lọ sóde kí n má dá a padà, kò sì gbọdọ̀ bínú. Tó bá bínú, òun ló jẹ̀bi. Òun náà láṣẹ láti bú mi, àmọ́ kò mọ èèyàn bú. Èébú kan ṣoṣo ló mọ̀, "ìwọ abẹ́rẹ́ yìí," ó sì ti ń lò ó láti ọdún tí mo ti gbé àbúrò ẹ̀ níyàwó.

Ti àbúrò ẹ̀ ló yàtọ̀. Ní abúlé òkè tí a ti wá, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin àti àbúrò ẹ̀ obìnrin kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ tí wọ́n bá ti dàgbà. Kì í ṣe ìjà o. Ọ̀wọ̀ ni. Èèwọ̀ ni kí wọ́n pe ara wọn lórúkọ, èèwọ̀ ni kí wọ́n jọ jókòó sórí ẹní kan. Láti ìgbà tí Laisani ti di ọmọge, tí ìyá wọn ní ó tó, ọ̀rọ̀ kan kò tí ì ti ẹnu ọ̀kan bọ́ sétí èkejì ní tààrà. Àwọn ará Suva ti pa ìyẹn tì báyìí, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò á jọ máa pariwo lórí fóònù. Àwọn tèmi kò gbà. Nínú ọkọ̀ wa láràárọ̀, Penaia á wà nídìí ìdarí, èmi á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, Laisani á wà lẹ́yìn, gbogbo ohun tí wọ́n bá sì fẹ́ sọ fún ara wọn, ẹnu èmi ló ń gbà.

"Sọ fún ẹni tó wà lẹ́yìn pé ilẹ̀kùn kò pa dé," Penaia á wí.

"Laisani, ilẹ̀kùn ẹ kò pa dé."

"Sọ fún wọn pé mo ti pa á dé."

"Pena, ó ní òun ti pa á dé, etí ẹ ló di."

"Kò sọ ti etí."

"Èènì ni mo fi sí i."

Báyìí la ṣe ń bá a lọ títí dé Suva. Obìnrin kan ṣoṣo ló wà nínú ọkọ̀ yẹn tí Penaia ń bá sọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀. Obìnrin inú ẹ̀rọ ni. Bó bá ti ṣíná sí ọkọ̀ báyìí, obìnrin Japan kan tí a ò rí á bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ nínú rédíò. Kò sí ẹni tó gbọ́ ohun tó ń wí nínú wa. Penaia á tẹ orí ba, á ní, "Ẹ ṣé o, màmá." Láràárọ̀ ni! Mo bi í pé tó bá jẹ́ èpè ni obìnrin náà ń ṣẹ́ ńkọ́? Ó ní ohùn ẹ̀ kò jọ ti ẹni tó ń ṣépè.

Ọ̀nà tí à ń gbà kò gùn tó bá jẹ́ ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ sọdá afárá, ẹ gba Nakasi, ẹ gba Máìlì Mẹ́sàn-án, Nabua, Samabula, ẹ ti wọ Suva nìyẹn. Àmọ́ ní ọjọ́ iṣẹ́, gbogbo ẹni tó ní ẹsẹ̀ àti ẹni tó ní táyà ló fẹ́ wọ Suva lẹ́ẹ̀kan náà. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ á bẹ̀rẹ̀ láti orí afárá. Bọ́ọ̀sì tí kò ní gíláàsì á kó sí wa níwájú, á tu èéfín dúdú sí wa lójú, àwọn ọmọ ilé-ìwé inú ẹ̀ á máa ju ọwọ́ sí wa. Ẹni tó yẹ kó tò sẹ́yìn á gba ẹ̀gbẹ́ títì wá, á ki imú ọkọ̀ bọ iwájú wa. Ẹ̀jẹ̀ mi á ru. Penaia á rọra tẹ bíréèkì, á ní, "Jẹ́ kó kọjá. Bóyá ìyàwó ẹ̀ ń rọbí." Tó bá jẹ́ bí ọkùnrin yìí ṣe ń wí ni, a jẹ́ pé gbogbo obìnrin Nausori ló ń rọbí láràárọ̀, tí ọkọ wọn sì ń sáré lọ sí Suva láìgbé wọn dání.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló ń bí mi nínú jù. Kerekere ni. Ẹni tó bá fi kerekere tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹni níbí, ó ṣòro kéèyàn tó sọ pé rárá, àmọ́ àwa yòókù ti kọ́ bí a ṣe ń wo ibòmíràn. Penaia kò kọ́ ọ. Ẹnìkan á dúró lẹ́bàá ọ̀nà, á ní, "Kerekere, Pena, gbé mi dé Nakasi." Òmíì á ní kó bá òun já ẹní sílé àǹtí òun. Òmíì á kàn ní kó dúró, kí òun rántí ohun tí òun fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Á sì dúró! Èmi ni mo máa ń yọrí síta: "Kò sáyè! Ìyàwó mi ti sanra kún ẹ̀yìn ọkọ̀!" Laisani á fi àpò gbá mi lórí, ẹni yẹn á bú mi, á súre fún Penaia, ọkọ̀ á wá lọ. Ẹnu burúkú tí gbogbo àdúgbò ń sọ pé mo ní yẹn, òun ni kì í jẹ́ kí Penaia pẹ́ dé ibi iṣẹ́ ẹ̀ ní ilé ìkẹ́rù-sí ní Walu Bay. Kò pẹ́ dé ibẹ̀ rí, ó sì máa ń fi ṣe fáàrí, bí ẹni pé òun nìkan ló ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Laisani, torí òun lọ̀rọ̀ kàn lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí. Ní ilé-ìdáná ilé-ìwé kan ní Suva ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ ò ní gbọ́ pé alásè ni, ìkòkò ló ń fọ̀. Obìnrin tó ń sè níbẹ̀, kí Ọlọ́run forí jì í, ìrẹsì ẹ̀ lè lẹ ògiri. Ìyàwó mi sì rèé, tó bá da wàrà àgbọn sórí ẹja, àwọn aládùúgbò á rántí pé àwọn fẹ́ wá kí wa. Ilé ìwòsàn kan ń wá olórí alásè. Ó ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, ẹlòmíì ni wọ́n mú. Ó tún gbìyànjú, wọ́n ní ó pẹ́ dé, wọ́n ti géètì mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé: kí oníkálukú gbé oúnjẹ tó sè wá látilé, kó wà níbẹ̀ kó tó di aago mẹ́jọ, torí bí aago mẹ́jọ bá ti lù, wọn ò ní ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó sọ fún mi pé, "Waisake, tí wọn ò bá mú mi lọ́tẹ̀ yìí, mi ò ní dán an wò mọ́. Màá fọ ìkòkò títí màá fi kú." Kò sunkún. Ìbá sàn kó sunkún.

Àfi bó ṣe ku ọ̀la, ni eyín ẹ̀yìn mi kan bá dá wàhálà sílẹ̀. Dókítà eyín fà á, ó ki òwú sí mi lẹ́nu, ó ní kí n má sọ̀rọ̀ rárá fún ọjọ́ méjì gbáko. Èmi! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú bíi bẹ̀rẹ̀fúùtù. Gbogbo àdúgbò wá kí mi, inú wọn sì ń dùn ní gbangba. Penaia náà wá. Ó jókòó síwájú mi, ó wò mí dáadáa. "Ìwọ abẹ́rẹ́ yìí," ó wí. Ó dúró kí n fèsì. Mo ní, "Mmm." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, ó ní, "Ìwọ abẹ́rẹ́ yìí!" Ó tún un sọ bíi mélòó kan kó tó lọ sílé. Mi ò tíì rí i kí inú ẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òjò ń rọ̀. Mo jáde, mo rí i pé Penaia kò nu ọkọ̀. Ó tẹ̀ ba wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, ìdí ẹ̀ nìkan ló yọ síta nínú òjò. Táyà kékeré kan, irú ti kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù, ló tẹ́ sílẹ̀ láàrin àga, ó ti fi àpò tẹ́ inú ẹ̀ yíká. Laisani gbé ìkòkò dé, ó ti fi aṣọ dì í, òórùn àgbọn àti òroǹbó àti ata ń jáde. Ó wo táyà yẹn. Ó gbé ìkòkò sí i, ó wọlé ṣinṣin, bí ẹni pé wọ́n wọ̀n ọ́n. Ó yíjú sí mi, pé ṣé èmi ni mo sọ ti ìkòkò fún ẹ̀gbọ́n òun? Mo mi orí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?

Penaia ṣíná sí ọkọ̀, obìnrin Japan sọ tirẹ̀, Penaia dúpẹ́. Àdúrà ọjọ́ náà kúrú. Mo fẹ́ sọ pé ó fo táyà méjì, mi ò lè sọ ọ́. Ẹ ò mọ ìyà tó ń jẹ èèyàn tó bá ní ọ̀rọ̀ dídùn lẹ́nu tí kò lè gbé e jáde.

Ọkọ̀ ńlá kan ti kú sórí afárá. A dúró. Òjò ń lu orí ọkọ̀, gbogbo ayé ń fọn fèrè. Laisani ń wo aago, èmi ń wo Laisani, Penaia ń wo iwájú. Nígbà tí a wá sọdá tán, ilẹ̀ ti mọ́ kedere. Ibẹ̀ ni Penaia ti bẹ̀rẹ̀ ohun tí mi ò rí i kó ṣe rí. Ó tẹ ọkọ̀. Ó fọn fèrè! Mo kọ́kọ́ rò pé ọkọ̀ ẹlòmíì ni. Ó gba ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì kan kọjá, awakọ̀ bọ́ọ̀sì náà yọrí síta, ó bú ìyá rẹ̀, Penaia sì ju ọwọ́ sí i bí ẹni tí wọ́n kí.

Nígbà tí a súnmọ́ Nakasi, ó yíjú sí mi. "Sọ fún ẹni tó wà lẹ́yìn pé..." Ó rántí eyín mi.

"Mmm," mo wí, kó lè mọ̀ pé mo wà ńbẹ̀.

Ó ronú díẹ̀. Ó wá kọjú sí rédíò. "Màmá," ó sọ fún obìnrin Japan, "tó bá jẹ́ pé ìkòkò kan wà nínú ọkọ̀ yìí, kòtò ńlá kan ń bọ̀ níwájú o."

Láti ẹ̀yìn ni mo ti gbọ́ ohùn ìyàwó mi, ó rọra ń bá oúnjẹ ẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ìkòkò, má bẹ̀rù. Mo ti dì ẹ́ mú."

A wọ inú kòtò, a jáde. "Màmá, ó ti tán o," Penaia wí. "Ìkòkò, bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn," Laisani wí. Ẹ̀rín pa mí, ojú eyín mi sì ń ta mí bí ẹni fi iná kàn án. Mo di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń sunkún.

A ò tíì kúrò ní Nakasi tí a fi rí Bubu Torika. Bubu ni à ń pe ìyá àgbà, òun sì ni ìyá àgbà gbogbo wa, òun ló dàgbà jù nínú àwọn obìnrin abúlé wa tó wà lápá ibí. Ó dúró sínú òjò pẹ̀lú àpò kókò, agboòrùn ẹ̀ ti ṣẹ́. Kò sí ẹni tó lè kọjá Bubu nínú òjò, àní èmi pẹ̀lú ẹnu mi tó yá. Penaia dúró, ó sáré gbé kókò sẹ́yìn ọkọ̀, Bubu jókòó ti Laisani.

"Ibo lẹ̀ ń lọ, Bubu?" Penaia bi í.

"Suva náà ni. Ọlọ́run á gbé yín ga o. Kí ló ń ta sánsán báyìí? Waisake, pẹ̀lẹ́, mo gbọ́ pé wọ́n ti bá wa pa ẹnu ẹ dé. Dókítà yẹn mà gbọ́n o."

Suva ni a ń lọ náà, kò burú. A kọjá Máìlì Mẹ́sàn-án, títì ṣí sílẹ̀ díẹ̀, mo sì ti ń rò ó pé ó lè ṣeé ṣe. Ibẹ̀ ni Bubu ti na ọwọ́ síwájú, ó fi ìka kan èjìká Penaia.

"Kerekere, Pena. Jẹ́ ká yà sí Kinoya díẹ̀. Ọmọ mi kan ń retí kókò yìí. Kò ní pẹ́."

Yéè! "Kò ní pẹ́" ti Bubu Torika! A mọ̀ ọ́n. Wọ́n á bu tíì ewé òroǹbó fún un, wọ́n á ní kí awakọ̀ náà wọlé, wọ́n á tẹ́ ẹní, wọ́n á béèrè gbogbo ẹni tó wà nílé lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó kú ńkọ́, ẹni tí wọ́n bí ńkọ́, wọ́n á gbàdúrà ìwọlé, wọ́n á gbàdúrà ìjáde. Tí a bá fi lè yà sí Kinoya, géètì ilé ìwòsàn ti tì nìyẹn, ó sì parí. Bubu kò mọ nǹkan kan nípa ti ilé ìwòsàn. Àgbàlagbà tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ ni, bó ṣe rí lójú tiẹ̀ nìyẹn.

Èmi ló yẹ kí n sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ mi ni. Mo fa òwú yọ, mo yanu. Ohun tó jáde jọ ìgbà tí ewúrẹ́ bá ń wúkọ́, ẹ̀jẹ̀ sì bá a jáde. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, má sọ̀rọ̀," Bubu wí, ó fi etí aṣọ ẹ̀ nu ẹnu mi bí ẹni ń nu ẹnu ìkókó.

Penaia ti tan iná ọwọ́ òsì. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń dún, ka, ka, ka. Oríta Kinoya wà níwájú.

Mo bojú wẹ̀yìn. Laisani ti fi ìkòkò sílẹ̀. Ó fọwọ́ méjèèjì di ẹ̀yìn àga ẹ̀gbọ́n ẹ̀ mú. Mo mọ obìnrin yẹn, mo mọ bí ojú ẹ̀ ṣe máa ń rí tó bá ti pinnu nǹkan: ó fẹ́ pè é. Ó fẹ́ pe orúkọ ẹ̀, lójú Bubu Torika, ẹni tó máa gbé e dé abúlé kí oòrùn tó wọ̀. Tó bá pè é, yóò kó ẹní àti ẹ̀bùn lọ tọrọ àforíjì, wọn á sì forí jì í, kò sí wàhálà. Àmọ́ Laisani kò ní lè gbójú sókè wo ẹ̀gbọ́n ẹ̀ mọ́ láyé. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun náà mọ̀. Ètè ẹ̀ ti pa pọ̀, ó ti fẹ́ ṣí.

Iná yẹn kú. Ka, ka, ó dákẹ́.

"Bubu," Penaia wí, "ẹ má bínú. A ò ní yà."

"Kí lo wí?"

"Mo ní rárá, Bubu. Àbúrò mi ni mo gbé. Iṣẹ́ kan ló ń lọ dù, géètì wọn máa tì láago mẹ́jọ. Tí mo bá ti sọ ọ́ kalẹ̀, èmi fúnra mi ni màá gbé yín padà wá sí Kinoya. Màá ru kókò yín wọlé, màá sì jókòó títí ẹ ó fi gbàdúrà tán."

Òógùn bò ó lójú nínú òtútù òjò yẹn. Oríta Kinoya kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Bubu yíjú sí mi. "Waisake, ṣé Penaia ló sọ pé rárá?" Mo mi orí sókè sódò. Ó yíjú sí Laisani, Laisani ti fi ọwọ́ bo ojú. Ó wo ìkòkò. Ó wá fi ìka gún Penaia léjìká lẹ́ẹ̀kejì.

"Kí lo wá ń rìn bí ìgbín fún? Tẹ̀ ẹ́! Fọn fèrè! Ìwọ tó wà níwájú yẹn, kúrò lọ́nà, ọmọ wa fẹ́ lọ gba iṣẹ́!"

Báyìí la ṣe wọ Suva, ìyá àgbà yọrí síta nínú òjò, ó ń bú àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì ní èébú tí èmi tavale gan-an kò gbọ́ rí. Mo kọ́ mẹ́ta níbẹ̀. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, ọlọ́dẹ ti di géètì mú. Laisani sáré wọlé pẹ̀lú ìkòkò ẹ̀, ọlọ́dẹ sì ti géètì pa. Ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀, obìnrin kan tó ru abọ́, kò wọlé. Ó dúró níta, ó ń wo irin géètì. Ó ká mi lára.

Mo nawọ́ sí apá Walu Bay, mo fọwọ́ tọ́ka sí aago. Penaia mọ ohun tí mò ń wí. "Jẹ́ kí iṣẹ́ wà ńbẹ̀," ó wí, ó pa ọkọ̀. Ọkùnrin tí kò pẹ́ dé iṣẹ́ rí! A jókòó. Bubu gba gbogbo àdúrà tó yẹ kó gbà ní Kinoya síbẹ̀, ó sì fi eyín mi kún un.

Ó pẹ́ kí Laisani tó jáde. Ìkòkò ẹ̀ ṣófo, wọ́n ti lá a mọ́lẹ̀. Ó wá sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé mi, ó sọ̀rọ̀ sókè, kì í ṣe èmi nìkan ló fẹ́ kó gbọ́.

"Waisake, wọ́n mú mi! Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Olórí alásè! Ọkọ̀ wọn ni yóò máa gbé wa látilé láràárọ̀, láago mẹ́rin ìdájí..."

Ó gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ẹ̀, èmi náà gbọ́ ọ. Láago mẹ́rin, Penaia ṣì wà lójú oorun. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀tọ̀ ni ẹ̀gbẹ́ àwọn obìnrin. Tí Penaia bá wá sílé wa, Laisani á wọ ilé-ìdáná, oúnjẹ ẹ̀ nìkan ni yóò rí. Inú ọkọ̀ funfun yẹn nìkan ni ibi tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ti ń jókòó pọ̀ láyé yìí, mo sì ti ń fi gbogbo ọdún wọ̀nyí rò pé torí owó bọ́ọ̀sì la ṣe ń bá a lọ.

Penaia ń wo iwájú. "Waisake," ó wí, "sọ fún un pé mo mọ̀. Mo ti bi ọlọ́dẹ yẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ti sọ aago tí wọ́n ń wọṣẹ́ fún mi."

Ó ti mọ̀. Ó mọ̀ ọ́n nígbà tó ń tẹ́ àpò sínú táyà, ó mọ̀ ọ́n nígbà tó ń fọn fèrè, nígbà tó sọ pé rárá fún Bubu. Inú mi bàjẹ́, mo sì fẹ́ràn ọkùnrin olórí ọ̀dùnkún yẹn débi pé tó bá jẹ́ pé ẹnu mi yá, ǹ bá ti sọ̀rọ̀ tó máa dójú tì mí.

Laisani wọlé sẹ́yìn, ó gbé ìkòkò òfìfo lé ẹsẹ̀. Ilé-ìwé tó ti ń fọ ìkòkò kò jìnnà sí ibẹ̀, kò tó ká gbọ́ orin kan tán lórí rédíò. Penaia dé oríta. Kò yà síbẹ̀. Ó gba ọ̀nà etíkun, èyí tó yí gbogbo Suva po, ó ń rọra wakọ̀. Òjò ti dá, omi òkun ń dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

"Pena," Bubu Torika wí nígbà tó ṣe, "ṣé ọ̀nà Kinoya rèé?"

"Rárá, Bubu," Penaia wí. "Ọ̀nà tó gùn ni."